Agogo Tó Lórúkọ

Ikán ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ilé náà ti darúgbó.
Lẹ́yìn ikán ni iyọ̀ ọ̀sà,
tó ń fi ahọ́n lá irin fèrèsé lóròòru
títí irin fi di ìyẹ̀fun pupa lọ́wọ́ mi.
Polikápù ni mí, káfíńtà ìjọ ní Pópó Àgùdà.
Bàbá mi ló kan àpótí ìjẹ́wọ́,
bàbá bàbá mi ló gbé ìrókò gun àjà.

Wọ́n ní ká wó o.
Ìgbìmọ̀ jókòó ní Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn Rosárì,
kọngílá tẹ́ ìwé sórí tábìlì:
ilé tuntun, táìlì tó ń dán bí ojú omi,
ibi ìgbọ́kọ̀sí nísàlẹ̀, ẹ̀rọ amúlétutù lókè.
Ó ní, “Kí lẹ fẹ́ fi wúruwùru yìí ṣe?”
Àwa tí a jókòó nínú wúruwùru náà
ń wo ẹsẹ̀ ara wa.
Kò kúkú purọ́. Òjò ń rọ̀ sí wa lórí nígbà Míísà.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ń ha símẹ́ńtì kúrò lára ògiri apá ọ̀sà,
símẹ́ńtì tí wọ́n fi bò ó nígbà tí mo wà ní kékeré,
tí a rò pé oore la ṣe fún un,
a ò mọ̀ pé imú la dí.
Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ríbi wọ̀.
Eléyìí lanu, ohun tó jáde kì í ṣe aláǹgbá:
ìkarahun ọ̀sà ni, tí wọ́n sun, tí wọ́n gún, tí wọ́n fi po ẹfun,
àti bíríkì kan tí àmì àtàǹpàkò ọmọdé wà lára rẹ̀,
kékeré, bí ẹni tọ́ ẹ̀kọ gbígbóná wò.
Ọmọ ta ni? Bóyá ọmọ àwọn tó ti Bàràsílì bọ̀,
tí wọ́n gbàgbé ọ̀nà oko bàbá wọn
ṣùgbọ́n tí wọ́n rántí bí a ṣe ń tẹ orí fèrèsé bí òṣùmàrè.

Àwọn fadá Faransé ló ya ilé náà sínú ìwé.
Mẹ́ta nínú wọn ń sùn lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ lẹ́yìnkùlé.
Èyí tó pẹ́ jù lo oṣù mọ́kànlá.
Ibà kì í béèrè èdè.

Ní ti agogo, a ò mọ nǹkan kan.
Ó ti sán kí n tó gbọ́njú,
lẹ́tà yí i lọ́rùn ká, kò sẹ́ni tó lè kà á,
àfi Hùnsù, ọmọ Àjàṣẹ́ tó wá tún wáyà ṣe,
tó gun àkàbà, tó tutọ́ sí àkísà, tó nu ekuru,
tó dákẹ́,
tó tún nu ún.
Ó kígbe látòkè: “Polikápù, ó mà lórúkọ!
Klotílìdì ni. Obìnrin ni.
Ó ní àwọn opó abúlé kan ló kó ìkòkò bàbà wọn jọ
tí wọ́n fi rọ òun
fún àwọn tí wọn ò ní fojú rí láé.”

Mo jókòó sórí pákó.
Ogójì ọdún ni mo ti ń fa okùn obìnrin yìí
láìkí i.

Ìyá Èfíjéníà gbọ́. Opó lòun náà.
Nígbà tí ìgbìmọ̀ tún jókòó, ó gbé ìkòkò kan wọlé,
dúdú nídìí, ọwọ́ kan ti já,
ó gbé e lé orí ìwé kọngílá gan-an.
Kò sọ̀rọ̀. Ó jókòó, ó ń fi gèlè nu ojú.
Alága wúkọ́, ó ní ká fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ná.

Ọ̀rọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Owó òrùlé ò tíì pé ìdajì.
Lánàá òjò rọ̀, bààfù mẹ́rin la gbé sábẹ́ àjà,
ìkòkò ìyá náà ni ìkarùn-ún.
Ṣùgbọ́n láago mẹ́fà òwúrọ̀, nínú òkùnkùn,
mo máa ń ní, “Ẹ kú àárọ̀, mà,”
kí n tó fa okùn.
Ohùn rẹ̀ há díẹ̀, bíi ti àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí,
ó sì ń dá mi lóhùn dé Kámpọ́sì.